Bí a ṣe ń dán mọ́dẹ́lì ojú ọjọ́ wò lórí òjò Ìbàdàn

Bí mọ́dẹ́lì ojú ọjọ́ kan, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìṣesí ojú ọjọ́, bá ṣírò iye òjò ọdún Ìbàdàn gẹ́lẹ́, ẹ má tíì yìn ín. Kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi àròpọ̀ ọdún ṣe? Ìgbà tí òjò rọ̀ àti ìgbà tó dá ló kàn án. Ohun tí a ó yẹ̀ wò nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wá dátà. Ti àwọn mọ́dẹ́lì CMIP6, ìyẹn àkójọ mọ́dẹ́lì ojú ọjọ́ láti àgbáyé, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Copernicus ti ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ mú apá “historical” (ìṣirò àwọn ọdún tó ti kọjá), tó parí ní 2014. Fún òjò gidi, dátà òjò tí wọ́n ń pè ní CHIRPS dára: láti 1981 ló ti ń da ohun tí sátẹ́láìtì rí pọ̀ mọ́ ti òṣùwọ̀n òjò orí ilẹ̀. Ọdún 1985 sí 2014 ti tó.

Kí ẹ tó fi wọ́n wéra, ẹ mú wọn dọ́gba. Àpótí àpótí ni dátà méjèèjì pín ilẹ̀ sí. Àpótí CHIRPS kan fẹ̀ tó kìlómítà 5. Ti ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́lì sún mọ́ 100, òjò kò sì ní ṣàì kán síbì kan nínú ilẹ̀ tó fẹ̀ báyẹn. Ẹ mú ìpíndọ́gba gbogbo àpótí CHIRPS tó bọ́ sínú ti mọ́dẹ́lì, kí ẹ má baà dá a lẹ́bi ohun tí kò ṣe. Ẹ má sì wá òjò ọjọ́ kan pàtó nínú rẹ̀. Kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀la. Ìṣesí ọgbọ̀n ọdún ló yẹ kó jọra.

Ẹ wá ya àwòrán òjò ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, láti oṣù Kẹta dé Ìkọkànlá. Òkè méjì ló yẹ kó yọ n'Ìbàdàn, ọ̀kan lóṣù Kẹfà, ìkejì lóṣù Kẹsàn-án, kí ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ sì wà láàárín wọn. Lásìkò yẹn, òjò ti gòkè lọ sí àríwá, omi òkun Guinea sì ti tutù. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́lì, omi yẹn gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, òjò ń dúró sétíkun, ìsinmi náà sì lè pòórá.

Ẹ tún ka iye ọjọ́ tí òjò tó mílímítà 1, àti bí ọ̀gbẹlẹ̀ àárín wọn ṣe gùn tó. Àrùn ọjọ́ pípẹ́ mọ́dẹ́lì nìyí: òjò wínníwínní ṣáá, òjò ńlá kò tó. Mílímítà 150 lóṣù lè jẹ́ òjò ńlá márùn-ún, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ 25 tí ilẹ̀ kàn tutù lásán. Níbí, ẹ má gbára lé CHIRPS nìkan, torí ìṣirò ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ń pín sí ojúmọ́. Ẹ fi IMERG, dátà òjò sátẹ́láìtì ti NASA, tì í lẹ́yìn.

Mọ́dẹ́lì tí kò bá rí ìsinmi oṣù Kẹjọ, ẹ má lò ó fún ètò àgbàdo àrọ̀kúrò. Ẹ mú òmíràn, wọ́n pọ̀.