Bí A Ṣe Ń Ran Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì Lọ́wọ́ ní Kíláàsì

Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní láàbù ní Abẹ́òkúta náà lè fi ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò, ọsàn wẹ́wẹ́ àti káún kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ásíìdì (irú èyí tí ó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́) àti álíkálì (irú èyí tí ó wà nínú káún), bí òbí tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ kan bá yọ̀ǹda ara rẹ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ lọ rí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì bi olùkọ́ léèrè ibi tí ẹ̀kọ́ dé, nítorí òun ni ó ni kíláàsì, ẹ̀yin kàn wá kín in lẹ́yìn ni. Ẹ má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá, ẹ má sì ya fọ́tò ọmọ kankan láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà. Ẹ má ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọsàn tirẹ̀ wá láti ilé: èyí tí kò rí mú wá ni yóò lọ fara pamọ́ sẹ́yìn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ rẹ ìṣápá sínú omi gbígbóná nílé, kí ẹ sẹ́ ẹ nígbà tí ó bá tutù, kí ẹ sì dán gbogbo rẹ̀ wò. Omi gbígbóná kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì.

Ẹ bu omi ìṣápá náà sínú ife oníke mẹ́ta fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan. Apá yìí ni àwọn tí ń kánjú máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni sáyẹ́ǹsì wà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fún ọsàn sínú ife kìíní, pupa rẹ̀ yóò túbọ̀ mọ́ rokoṣo. Kí wọ́n da omi káún sínú èkejì, yóò ṣú lọ sí àwọ̀ ewé. Ẹ̀kẹta ni wọn yóò fi wé méjì yòókù. Kò sí èyí tí ó jẹ́ mímu nínú wọn, bí ó ti wù kí ó ta sánsán tó.

Àwọn ọmọ kan wà, pàápàá ọkùnrin, tí ojú wọn kì í dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, àwọn mìíràn kò sì ríran dáadáa. Nítorí tiwọn, ẹ fún ọsàn sórí káún lílọ̀ kí wọ́n gbọ́ bí ó ti ń hó, nítorí afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní carbon dioxide ni ó ń jáde. Ẹ kọjú sí ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó. Kí ó má sì jẹ́ pé ọkùnrin ni yóò máa da nǹkan pọ̀, tí obìnrin yóò máa fọ ife.

Bí ẹ bá pe aláró kan wá láti Ìtòkù, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, àwọn ọmọ yóò rí bí aṣọ ti ń jáde nínú ìkòkò pẹ̀lú àwọ̀ ewé, tí oxygen inú afẹ́fẹ́ yóò sì sọ ọ́ di àwọ̀ aró níṣojú wọn. Ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì sódà tí ọ̀pọ̀ aláró ń lò lè jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Aláró fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, ni kí ó po ó ní ìta gbangba kí àwọn ọmọ tó dé. Inú omi ni yóò da sódà sí, kò gbọdọ̀ da omi lé sódà lórí. Òkèèrè ni àwọn ọmọ yóò ti máa wò ó. Bí ó bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, ẹ fi omi tí ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ san owó iṣẹ́ ọjọ́ náà fún aláró, ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ká fídíò rẹ̀, nítorí ohun tí ó mọ̀ nípa aró ni ó fi ń jẹun.