Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíka máàpù àtijọ́ ilẹ̀ èédú àti gẹdú Appalachia

Ọdún tí ẹ rí ní igun máàpù USGS (iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ya máàpù ilẹ̀), ẹ má tètè gbà á gbọ́. Òun ló ń ṣi àwọn tó ń wá abúlé awakùsà ní West Virginia àti ìlà-oòrùn Kentucky, ní agbègbè olókè Appalachia ní Amẹ́ríkà, lọ́nà jù. Ọdún tí àwọn awọnlẹ̀ dé orí ilẹ̀ lè yàtọ̀ sí ọdún tí máàpù jáde, wọ́n sì lè tún un tẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún láì yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka àlàyé wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà.

Àwọn mìíràn á ní ohun tí kò bá sí lórí máàpù kò sí rí. Irọ́ ni! Ẹ wo Cass ní West Virginia, ìlú tí ilé-iṣẹ́ West Virginia Pulp and Paper dá sílẹ̀ ní 1901. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ́ ojú irin gun Cheat Mountain lọ kó gẹdú. Bí igi apá kan bá tán, wọ́n á hú irin ibẹ̀, wọ́n á lọ tẹ́ ẹ sí àfonífojì mìíràn. Bí awọnlẹ̀ kò bá bọ́ sí àkókò náà, ojú irin dé, ó lọ, máàpù ò gbọ́.

Ẹ má sì fẹ máàpù 1:125,000 lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá fi wá ẹnu ihò èédú kan. Íǹṣì kan níbẹ̀ tó bíi máìlì méjì, 100 ẹsẹ̀ bàtà ló sì sábà ń wà láàárín ìlà gíga (ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀) kan àti èkejì. Ibi díẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Ìyókù, orí òkè ni wọ́n dúró sí tí wọ́n fi ojú wò ó, tí wọ́n sì yà á. Bí ìkọ́rọ́ odò kò bá bá tòní mu, ẹ má sọ pé odò ló ṣí kúrò.

Àwọ̀ elésè àlùkò tí wọ́n fi sàmì àtúnṣe sórí máàpù 1:24,000 náà ń tan ènìyàn. Fọ́tò ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ṣe àtúnṣe yẹn, ẹnikẹ́ni ò lọ síbẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n lè fi àwọ̀ náà yí ibi tí wọ́n ti bẹ́ òkè wa èédú ká, kí ìlà gíga abẹ́ rẹ̀ ṣì máa fi òkè tó ti wó hàn.

Ti ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn awakùsà gbẹ́ ńkọ́? Ẹnu ihò nìkan ni máàpù wọ̀nyí ń fi hàn. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, kó lọ béèrè máàpù ibi ìwakùsà gan-an ní National Mine Map Repository, ibi tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń kó irú máàpù bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí, ní Pittsburgh.