Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é tí kòkòrò ò fi ní jẹ eyín ọmọ yín

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa ọ̀rọ̀ "eyín ọmọdé ṣáà ni, ó máa ká, òmíì á hù" yẹn tì. Eyín 20 ni, tàwọn ẹ̀yìn sì lè má ká títí ọmọ á fi pé ọdún 10 sí 12. Tí wọ́n bá jẹrà, ọmọ ò ní lè jẹun, ẹ̀yin náà ò ní rí oorun sùn.

Kòkòrò tí mò ń sọ kì í ṣe ìdin táwọn kan ń sọ pé àwọn ń fi ewé yọ lẹ́nu èèyàn o, ojú lásán ò lè rí i, Streptococcus mutans ni wọ́n ń pè é, inú itọ́ ló wà, á wá lọ lẹ̀ mọ́ eyín. Ọ̀dọ̀ àwa tá à ń tọ́ ọmọ ló ti sábà máa ń kó o, a ti fi ṣíbí ọmọ tọ́ ògì wò, a ti rún ẹran sí i lẹ́nu, rọ́bà tó ń fà mu já sílẹ̀, a fẹnu lá a, a tún kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Nítorí náà ẹnu tiyín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Tí ihò bá wà léyín yín, ẹ lọ dí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ògì ṣì gbóná, ẹ kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́. Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn bá màmá àgbà jà pé wọ́n fẹnu ko ọmọ lẹ́nu, ẹ ò lè ká a tán, ṣúgà gan-an lẹjọ́.

Ṣúgà ni kòkòrò yẹn ń jẹ, á sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì yẹn ló ń gbẹ́ eyín. Itọ́ máa ń fọ̀ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ó lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ tó bá wá ń fa júùsì díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ni itọ́ fẹ́ ráyè? Tó bá máa mu mínírà, kó mu ún mọ́ oúnjẹ kó tán síbẹ̀. Alẹ́ ló burú jù torí itọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sun téèyàn bá sùn, ẹ má jẹ́ kó fi fídà mílíìkì tàbí ògì oníṣúgà sùn, omi lásán ni kẹ́ ẹ bù sí i, á ké lálẹ́ mélòó kan, á sì gbà.

Ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá yọ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, àárọ̀ àti alẹ́. Ẹ ra pésìtì tó ní fluoride, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo eyín, ẹ wo ara páálí bóyá ó tó 1000 ppm, òun ni wọ́n fi ń wọn bí fluoride inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 3, bíi hóró ìrẹsì kan péré, ọdún 3 sí 6, bíi hóró ẹ̀wà kékeré, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kún búrọ́ọ̀ṣì lórí tẹlifíṣọ̀n. Kó tutọ́ dànù, kó má fomi yọ ẹnu. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́ fún un títí á fi tó ọmọ ọdún 7, pákò dáa, àmọ́ ọwọ́ ọmọdé ò lè gbé e dé ẹ̀yìn.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ gbé orí ẹ̀ sórí itan, ẹ ká ètè òkè sókè. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà funfun bíi ẹfun létí èrìgì, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àmọ́ ó ṣì lè yí padà. Tó bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó ti lu, ó di ọ̀dọ̀ dókítà eyín, UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó ń tọ́jú eyín ọmọdé. Kódà tí ò bá sí nǹkan kan, ẹ gbé e lọ kó tó pé ọmọ ọdún kan. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tí ara sì gbóná, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.