Bí Oníṣẹ́ Iná Ṣe Lè Gba Ìwé Ẹ̀rí NSQ ní Ìpín-Ìpín Láì Pa Ṣọ́ọ̀bù Rẹ̀ Tì

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta, tó gba ìyọ̀ǹda, tó sì ti ń ṣe wáyà ilé káàkiri ìlú láti ìgbà náà, ti mọ iṣẹ́. Ohun tó sábà máa ń dí i lọ́nà ni ìwé tí yóò fi síwájú ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá ń wá oníṣẹ́, nítorí pé ìwé ìyọ̀ǹda tí ọ̀gá fọwọ́ sí kì í fi bẹ́ẹ̀ níyì níbi tí wọn kò ti mọ ọ̀gá náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ètò NSQ (National Skills Qualification), ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí NBTE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tó wà ní Kàdúná, ń bójú tó, bá mu jù lọ. Ìpele-ìpele ni wọ́n pín ètò náà sí. Ìpele kìíní wà fún ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ọ̀gá, bí ìpele sì ṣe ń ga ni ojúṣe ń pọ̀ sí i, títí dé orí ẹni tó ń darí iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Wọ́n tún pín ìpele kọ̀ọ̀kan sí ìpín-ìpín, èyí tí èèyàn lè máa yege nínú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àyè bá ṣe gbà á.

Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ kọ́kọ́ wá ìwé ìlànà iṣẹ́ yín. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ gbogbo ìpín sí, pẹ̀lú ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan jẹ́ dandan fún gbogbo ẹni tó wà ní ìpele náà, bí ìpín tó dá lórí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ àti èyí tó dá lórí bí a ṣe ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí ẹ lè ṣa èyí tó bá irú iṣẹ́ yín mu nínú wọn. Ẹ mú bírò, kí ẹ sì fàmì sí gbogbo ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èyí tí àmì kò bá sí lára rẹ̀ nìkan ni ẹ ní láti kọ́ ní tuntun.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ibùdó tó ní àṣẹ láti ṣe àyẹ̀wò NSQ. Ẹ béèrè bóyá àṣẹ tí wọ́n gbà kan iṣẹ́ iná gan-an, nítorí ibùdó kan lè ní àṣẹ fún iṣẹ́ aṣọ rírán kó má ní in fún iṣẹ́ iná. Ẹ béèrè bóyá olùyẹ̀wò, ìyẹn ẹni tí yóò wo iṣẹ́ yín bóyá ó kún ojú òṣùwọ̀n, yóò wá bá yín níbi iṣẹ́, kí ẹ sì gba gbogbo ìdáhùn nípa owó ní kíkọ sílẹ̀.

Fáìlì ẹ̀rí, ìyẹn fọ́tò àti ìwé tó fi hàn pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ náà, ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fi nǹkan falẹ̀, ó sì ti ṣojú mi. Ẹni tó ti ṣe wáyà ogún ilé lè má ní ẹ̀rí ẹyọ kan lọ́wọ́, nítorí pé ìgbà tí wọ́n ti rẹ́ ògiri, tí iná sì ti ń tàn, ló rántí ya fọ́tò. Fọ́tò gílóòbù tó ń tàn kò sọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí olùyẹ̀wò fẹ́ rí ni ọwọ́ yín lẹ́nu iṣẹ́: páìpù nínú ògiri tí wọn kò tíì rẹ́, wáyà tí ẹ ń fà gba inú rẹ̀, àti tẹ́sítà tí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò pé iná ti kú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, ibi iṣẹ́, ohun tí ẹ ṣe àti ìdí tí ẹ fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yan wáyà tó nípọn fún ẹ̀rọ amúlétutù dípò èyí tí ẹ lò fún gílóòbù, ẹ ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ tún gba ìwé kékeré lọ́wọ́ onílé tàbí ọ̀gá sáìtì, kí ó jẹ́rìí sí ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí.

Ẹ má ṣe kó ẹ̀rí jọ fún ìpín kan tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan lè kún ojú ìpín mẹ́ta: ìbọ̀wọ́ àti bàtà tí ẹ wọ̀, pẹ̀lú bí ẹ ṣe pa iná láti orísun rẹ̀, jẹ́ ẹ̀rí fún ààbò, bí ẹ ṣe pín iṣẹ́ fún ọmọ iṣẹ́ yín jẹ́ ẹ̀rí fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀, wáyà tí ẹ fà sì jẹ́ ti ìpín iṣẹ́ gan-an. Nọ́ńbà ìpín tí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan wà fún ni kí ẹ kọ sí igun ojú ìwé, kí olùyẹ̀wò má baà máa wá a kiri. Èyí máa ń dín oṣù tí ẹ óò lò kù gan-an, pàápàá fún ẹni tí iṣẹ́ kì í wọlé fún déédéé.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, olùyẹ̀wò yóò wo bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, yóò sì bi yín ní ìbéèrè. Ẹ ṣiṣẹ́ bí ẹ ti ń ṣe é lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa sọ ohun tí ẹ ń ṣe bí ẹ ti ń ṣe é. Bí wọ́n bá ní ẹ kò tíì kún ojú òṣùwọ̀n nínú ìpín kan, ìyẹn kò pa àwọn tí ẹ ti yege nínú wọn rẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tọ́ka sí ohun tó kù gan-an, ẹ lọ fi kọ́ra, kí ẹ sì padà wá fún ìyẹn nìkan. Àwọn mìíràn ṣì máa ń tún iṣẹ́ olùyẹ̀wò fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí fáìlì náà kúrò lọ́wọ́ yín láì ní ẹ̀dà rẹ̀ nílé.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù, ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà lórí NIN gẹ́lẹ́, lẹ́tà sí lẹ́tà. Àtúnṣe orúkọ lórí ìwé ẹ̀rí tó ti jáde máa ń gba àkókò, ilé-iṣẹ́ tó ń wá oníṣẹ́ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.