Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń ka iye ikú àti iye ọmọ bíbí

Ìwádìí nípa ikú, ìbímọ àti ìlera ará ìlú ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà máa ń jáde pẹ̀lú nọ́ńbà rẹpẹtẹ. Akọ̀ròyìn, akẹ́kọ̀ọ́, àní òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá, a máa gbá nọ́ńbà náà mú kí wọ́n tó béèrè àwọn tí wọ́n kà àti àwọn tí wọ́n fò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó yá jù láti ṣe ni ti iye ọdún tí a retí pé ọmọ tuntun yóò lò láyé. Bí ẹ bá rí i pé ó jẹ́ 49 ní ibì kan, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ kì í dàgbà ju 49 lọ. Ká ní a bí ọmọ 10. Mẹ́ta kú ní ọmọ ọdún 1, méje yòókù lo 70 ọdún. Ẹ ṣírò rẹ̀: 49 àti díẹ̀ ni yóò fún yín, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó kú nítòsí 49. Ikú ọmọdé ló fa nọ́ńbà náà wálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àgbàlagbà ṣe ń pẹ́ tó, kí ó wo iye ọdún tó kù fún ẹni tó ti pé 15 tàbí 60.

Ẹ má ṣe fi iye ikú nínú 1,000 ènìyàn díwọ̀n ìlera orílẹ̀-èdè méjì pẹ̀lú. Ní Japan, ó lé ní 12 ní ọdún 2023. Ní Bangladesh, kò tó 7. Ṣé ara Bangladesh wá le ju ti Japan lọ ni? Rárá o. Àgbà ló pọ̀ ní Japan, ọ̀dọ́ ló pọ̀ ní Bangladesh. Ọjọ́ orí kan náà sí ọjọ́ orí kan náà ni kí ẹ fi wé ara wọn.

Èyí tó máa ń ká mi lára jù ni ti àlàfo láàárín ọmọ kan àti èkejì. Gbogbo wa la ti gbọ́ pé bí ìbímọ bá súnmọ́ra jù, ọmọ a máa kú. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn to àwọn ọmọ tó kú sí apá kan, tó to àwọn tó yè sí apá kejì, tó wá wo bí àbúrò wọn ṣe tètè dé sí, yóò sọ àbájáde di okùnfà. Ọmú tí ìyá ń fún ọmọ a máa dá nǹkan oṣù rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Bí ọmọ bá kú ní oṣù kẹta, ọmú dúró, nǹkan oṣù padà dé, oyún mìíràn sì lè wọlé kíákíá. Àwọn òbí mìíràn tilẹ̀ ń wá ọmọ tí yóò rọ́pò èyí tó lọ. Ikú ló gé àlàfo kúrú níbẹ̀. Àlàfo kọ́ ló pa ọmọ. Oyún tó bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ náà tó kú nìkan ni a lè fẹ̀sùn kàn.

Àlàfo tó ṣáájú ọmọ náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ọmọ tí a bí ní oṣù keje ti yọ oṣù méjì kúrò nínú àlàfo tó wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé yìí ló ń tètè kú. Ẹni tó bá ń kà á láti ìbí sí ìbí ti da ọ̀ràn méjì pọ̀. Láti ìbí sí oyún ló yẹ kí a kà á. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi fẹ́ràn agbègbè Matlab ní Bangladesh, níbi tí wọ́n ti ń tọ àwọn ìdílé lẹ́yìn láti 1966, tí òṣìṣẹ́ ń ti ilé dé ilé, tí wọ́n sì ń kọ oyún sílẹ̀, títí kan èyí tó bàjẹ́. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé náà, pé kí obìnrin dúró fún oṣù 24, láti ìbí sí oyún tó tẹ̀lé e ni. Láti ìbí sí ìbí, ó di nǹkan bí 33. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ti sọ oṣù 9 nù.

Bí nọ́ńbà kan bá yí padà, ẹ wò ó bóyá ohun tí wọ́n ń kà ló yí padà. Ìwádìí NDHS, èyí tí wọ́n ń ṣe láti ilé dé ilé lórí iye ènìyàn àti ìlera ní Nàìjíríà, sọ ní 2013 pé ikú aláboyún jẹ́ 576 nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè. Ti 2018 sọ pé 512. Ó dùn mọ́ni létí. Àmọ́ ti 2013 ka gbogbo ikú tó bá obìnrin nínú oyún, nígbà ìrọbí tàbí láàárín oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ohun yòówù kó fà á. Ti 2018 yọ jàǹbá àti ìwà ipá kúrò, ó sì dín àkókò ẹ̀yìn ìbímọ kù sí ọjọ́ 42. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àtijọ́ wọn ti 2018, 556 ló jẹ́. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ọmọ 2.1 fún obìnrin kan, iye tí wọ́n máa ń sọ pé ó tó láti fi ọmọ rọ́pò òbí, náà ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Bangladesh sọ̀kalẹ̀ láti ọmọ tó lé ní 6 ní àwọn ọdún 1970 sí nǹkan bí 2, síbẹ̀ iye ènìyàn rẹ̀ ṣì ń pọ̀ sí i, nítorí pé àwọn ọmọbìnrin tí a bí yamùrá nígbà náà lọ́hùn-ún ti di ìyá. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin sì ti ń kú kí wọ́n tó bímọ, 2.1 kò tó láti rọ́pò àwọn òbí rárá.

Ibi tó le jù nìyí: òkú kì í dáhùn ìbéèrè. Ní àwọn ọdún 1960, William Brass, onímọ̀ nípa iye ènìyàn tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi hàn bí ibi tí wọn kì í ti í forúkọ ikú sílẹ̀ ṣe lè díwọ̀n ikú ọmọdé: ẹ bi àwọn ìyá léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó kú. Ọgbọ́n ńlá ni, a ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ròyìn ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú? Níbi tí HIV ti jà gan-an kí ìtọ́jú tó kárí, àrùn náà ń mú tìyá-tọmọ lọ, ikú ọmọdé sì ń hàn bí ẹni pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ. Ẹ má gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ láìbéèrè bóyá wọ́n tún un ṣe.

Àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ náà ní ọgbọ́n tiwọn. Nínú irú ìwádìí bíi NDHS, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún a máa mú ìbéèrè gígùn wá nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìgbẹ́ gbuuru àti oúnjẹ. Òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ lè sọ ọmọ ọdún mẹ́rin di ọmọ ọdún márùn-ún kí iṣẹ́ lè tètè tán. Ìbímọ á wá dàbí ohun tó já wálẹ̀ lójijì ní ọdún àìpẹ́. Kí ẹ tó kéde pé àwọn obìnrin ti dín ọmọ bíbí kù, ẹ yẹ ọdún ìbí àwọn ọmọ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yẹ ọjọ́ orí àgbàlagbà wò pẹ̀lú: bí 30, 40 àti 50 bá nà ró bí òpó, tí 31 àti 39 sì gbẹ, ìméfò ni wọ́n kọ sílẹ̀. Òṣùwọ̀n Whipple ń fi èyí hàn: 100 ni bí kò bá sí ìméfò, 500 ni bí gbogbo ènìyàn bá sọ ọjọ́ orí tó parí sí 0 tàbí 5.