Àwọ̀ kọ̀, kò wọnú àwòrán AutoCAD mi

Ìbéèrè: Nínú AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ilé, mo tẹ H (HATCH, àṣẹ tó ń kun àwọ̀ sínú ààlà), mo mú SOLID (àwọ̀ kíkún), mo wá tẹ àárín yàrá tí mo yà. Ó ní òun ò rí ààlà. Mo wò ó títí, gbogbo igun ló pàdé. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Lójú yín ni wọ́n pàdé. Nọ́ńbà ni AutoCAD ń wò ní tirẹ̀. Bí ìlà kan bá parí sí 100, tí èkejì bẹ̀rẹ̀ láti 100.002, àlàfo ti wà níbẹ̀ nìyẹn, àwọ̀ ò sì ní wọlé. Nígbà tí ìkìlọ̀ yẹn bá jáde, ẹ má kàn pa á dé. Ẹ wo ojú àwòrán: àwọn róbótó pupa kéékèèké máa ń yọ síbi tí ìlà ti já. Ẹ fi ZOOM sún mọ́ ibẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí àlàfo náà. Ẹ tẹ F fún FILLET (àṣẹ tó ń so ìlà méjì pọ̀), ẹ fi radius (bí igun ṣe máa tẹ̀ tó) sí 0, ẹ mú ìlà méjèèjì, wọ́n á pàdé ní igun. Bí róbótó pupa ò bá lọ, REGEN (àṣẹ tó ń tún àwòrán yà sójú kọ̀ǹpútà) á pa wọ́n rẹ́.

Àwọn kan á ní kí ẹ lo HPGAPTOL. Tí ẹ bá fi í sí 5, á gbójú fo àlàfo tí kò bá ju 5 lọ. Ó wúlò tó bá jẹ́ pé àwòrán ẹlòmíì ni, tí ẹ ò láṣẹ láti fọwọ́ kan ìlà rẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ tiyín, ẹ tún ìlà ṣe, torí àlàfo yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì máa dà yín láàmú lọ́jọ́ mìíràn.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe gbogbo ìyẹn. Kò sí àlàfo, àwọ̀ ò sì wọlé.

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ Z, ìyẹn gíga ìlà. Ìlà kan lè ga ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wò ó láti òkè, ẹ ò ní mọ̀. Ẹ mú àwọn ìlà náà, ẹ ṣí Properties, ẹ wo Start Z àti End Z. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di 0. Kí ẹ sì rí i pé gbogbo ààlà náà wà lójú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó tẹ àárín rẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọ̀ mi wà tẹ́lẹ̀, ó wá pòórá lójijì. Polyline (ìlà alápá púpọ̀) tó nípọn náà ti dòfìfo.

Ìdáhùn: FILLMODE, ohun tó ń pinnu bóyá àwọ̀ kíkùn máa hàn, ti di 0. Ẹ tẹ FILLMODE, ẹ fi 1 sí i, lẹ́yìn náà REGEN. Ó tán.

Ìbéèrè: Àwọ̀ bo ọ̀rọ̀ àti ìlà mi mọ́lẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ tẹ àṣẹ HATCHTOBACK. Gbogbo àwọ̀ inú àwòrán náà á bọ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè: Pupa ni lójú kọ̀ǹpútà, dúdú ló jáde lórí ìwé. Àwọ̀ mìíràn nínú àwòrán kan náà sì jáde bó ṣe yẹ!

Ìdáhùn: Ẹ wo plot style (fáìlì tó ń pinnu àwọ̀ tó máa jáde lórí ìwé) tí ẹ mú nígbà tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ monochrome.ctb, gbogbo àwọ̀ 255 tó wà ní Index Color (àwọ̀ tí a fi nọ́ńbà mọ̀) ló máa sọ di dúdú. Èyí tí ẹ mú láti True Color kò sí lábẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi yè. Ẹ mú acad.ctb. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí àwọ̀ náà ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó wá jáde kiki, ẹ fàmì sí Plot transparency nínú fèrèsé Plot. Fífi Transparency sí 60 nìkan ò tó.

Ìbéèrè: Mo sún ògiri, àwọ̀ ò tẹ̀ lé e.

Ìdáhùn: Associative (ìsopọ̀ àwọ̀ mọ́ ààlà) ò sí lára rẹ̀, tàbí ẹ ti pa ààlà àtijọ́ rẹ́ kí ẹ tó ya òmíràn. Ẹ pa àwọ̀ náà rẹ́, ẹ fi HPASSOC sí 1, ẹ tún un kùn.