Bí Ẹ Ṣe Lè Parí Àpilẹ̀kọ Oyè Ọ̀mọ̀wé Nígbà Tí Ọmọ Ń Fà Yín Láṣọ

Ohun tó máa ń pa àpilẹ̀kọ òbí kì í ṣe àìsí àkókò. Ẹ wo ọjọ́ kan dáadáa, ẹ ó rí wákàtí kan níbì kan. Ìpadà sídìí iṣẹ́ ló ń pa á. Ọmọ á ṣàìsàn, ìdánwò á dé ní ilé ìwé tí ẹ ti ń kọ́ni, ẹ ó lọ bá àna yín ṣe òkú ní Ọ̀tùn. Nígbà tí ẹ bá tún ṣí fáìlì náà, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ ń lọ mọ́. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ẹ ti kọ láti òkè, ẹ ó máa tún kọ́mà ṣe, wákàtí náà á sì tán. Bí ìpadà yẹn ṣe lè rọrùn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àbígbẹ̀yìn ò sì tíì wọ ilé ìwé nígbà tí mo wà ní orí kẹta. Olùkọ́ ni mí ní Ìyìn-Èkìtì, Adó ni mo ń gbé, ìwádìí mi sì dá lórí bí wọ́n ṣe ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, kì í sì í ṣe gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Mi ò ní ọmọ ọ̀dọ̀, mi ò sì ní yàrá tí mò ń tìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ra mi.

Kí ẹ tó dìde nídìí iṣẹ́, ẹ kọ ohun tó kàn sílẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé lásán, àwọn ọmọ á ya mọ́tò sí i. Inú fáìlì gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí, níbi tí ẹ dúró sí, kí ẹ fi àwọ̀ pupa kọ ọ́. “Máa bá orí kejì lọ” ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan lára tèmi rèé: “Ètò Fafunwa ní Ifẹ̀, 1970. Gbólóhùn mẹ́ta: ta ni wọ́n kọ́, èdè wo, ọdún mélòó. Lẹ́yìn náà, béèrè pé kí ló dé tí abúlé tí mo lọ ò fi rí bẹ́ẹ̀.” Ẹni tó bá ń ṣe irú ìwádìí mi ò lè fo ètò yẹn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí, dá: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Kò sí èyí tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo nílò ní aago márùn-ún ìdájí ni ẹni tó máa sọ pé ibí ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì dìde nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu yín. Bí ẹ bá kọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán, ọ̀la á le.

Wákàtí ò dọ́gba. Èyí tí ẹ ní kí àwọn ọmọ tó jí, iṣẹ́ ọpọlọ ni kí ẹ fi ṣe. Ọgbọ́n ká ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 25 ká sì sinmi fún márùn-ún, tí Francesco Cirillo ará Ítálì dá sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980 bá mi lára mu, àmọ́ ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún inú rẹ̀ ni mo fi ń lọ aṣọ ilé ìwé. Ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ bá ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí tábìlì kan náà, iṣẹ́ ọwọ́ ni: títo ìwé ìtọ́kasí, nọ́ńbà àtẹ, àmì ohùn tó ṣubú. Ẹ kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì, torí ó ti rẹ̀ yín jù láti ronú ohun tí ẹ ó ṣe. Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tí kò gba kọ́bọ̀, ni kí ẹ fi kó ìwé ìtọ́kasí jọ láti ọjọ́ kìíní. Àyè 300 MB tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ kì í pẹ́ kún tí ẹ bá ń kó PDF sí i. Ẹ fi PDF sórí Google Drive, kí Zotero kàn di orúkọ ìwé àti ọdún mú. Ní ti iná, ẹ gba iná sí bátìrì láptọ́ọ̀pù kó kún nígbàkígbà tó bá dé, bó tilẹ̀ jẹ́ aago méjì òru. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí iná.

Tí ọmọ bá wà lẹ́yìn yín, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ sínú fóònù. Nínú mọ́tò, láti Ìyìn sí Adó, ni mo ti sọ ọ̀pọ̀ nínú orí kẹrin mi, tí awakọ̀ ń wò mí nínú dígí bíi pé àǹjọ̀nnú ni mò ń bá jíròrò. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín máa ń ṣe tààrà ju èyí tí ẹ ń kọ lọ. Àti pé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Ohun tí ẹ rí nínú ìwádìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ lè dúró.

Alábòójútó iṣẹ́ yín náà ní ọmọ, tàbí ọmọ-ọmọ. Ẹ má dúró dìgbà tí orí kan bá pé. Ẹ fi ojúewé mẹ́fà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè méjì péré, kí ìbéèrè náà jẹ́ èyí tí wọ́n lè dáhùn lórí ìdúró: “Sà, ṣé kí n fi àtẹ kejì sílẹ̀, àbí kí n yọ ọ́?” Tí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Á wúlò fún yín lóṣù tó ń bọ̀ nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń kọ irú nǹkan kan náà lọ́wọ́ ni ẹ nílò jù, wọn ò sì gbọ́dọ̀ pọ̀. Mo wà nínú ẹgbẹ́ orí WhatsApp tí àwọn èèyàn rẹ̀ lé ní igba. Àdúrà owúrọ̀, ìpolówó ilẹ̀, “Congratulations ma”, ìyẹn náà ni. Kò sí ẹni tó mọ orí tí ẹnì kejì wà. Àwa tó ràn ara wa lọ́wọ́, obìnrin mẹ́rin ni wá àti ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ òun ló ń tọ́jú ìbejì wọn nígbà tí iyá wọn bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru. Ẹ̀ka tiwa ò jọra. Mo rí i pé ó dára bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀gẹ́ kò ní bá yín jà lórí tíọ́rì, ó kàn máa béèrè ohun tí gbólóhùn yín túmọ̀ sí.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí ọmọ ti sùn, a ó pe ara wa. Kálukú á sọ ohun tó fẹ́ ṣe ní gbólóhùn kan, a ó pa ohùn fóònù, a ó kọ̀wé fún wákàtí kan, kálukú á tún sọ ohun tó ṣe. Bí ọmọ ẹnì kan bá ké, kó dìde. Kò gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì, a ò sì gbọ́dọ̀ bi í. Òfin yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ìtìjú ló ń lé òbí kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ọdún 2022, láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá, Ọjọ́bọ̀ yẹn nìkan ni ọjọ́ iṣẹ́ tí a ní.

Tí ẹ bá fún ara yín ní iṣẹ́ kà, kó má kọjá ojúewé mẹ́wàá, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ẹni náà wá. “Bá mi wò ó” á sọ ọ̀rẹ́ yín di adájọ́. “Fi àmì síbi tó ti sú ọ” ni ká sọ. Lọ́wọ́ ẹni tó ti gboyè, ìwé àbá ìwádìí rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ àtúnṣe tí àwọn olùyẹ̀wò fún un ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún. Mo rí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan gbà. Ìdajì rẹ̀ dá lórí nọ́ńbà àtẹ àti ọdún ìtọ́kasí tí kò bára mu. Ẹ̀rù olùyẹ̀wò tó wà lára mi dínkù lọ́jọ́ yẹn.

Ní ti ẹbí, ẹ bẹ ohun tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Mi ò sọ fún ìyá ọkọ mi ní Ìjerò pé kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́. Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn ọmọ ní Sátidé, láti àárọ̀ títí wọn á fi jẹun ọ̀sán.” Wọ́n gbà. Àmọ́ láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé tí mo bá wá kó àwọn ọmọ, ìbéèrè wọn kan náà ni: “Ojúewé mélòó ló kù?” Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó le tó wọn.

Ọjọ́ ìdánwò àfẹnudáhùn, ẹ ti ṣètò ẹni tó máa mú ọmọ nílé ìwé, àti ẹnì kejì bí ti àkọ́kọ́ bá yẹ̀. Àtúnṣe á tẹ̀lé e, bó ti wù kó dára tó. Ẹ ya àtẹ olópòó mẹ́ta: ohun tí olùyẹ̀wò sọ, ohun tí ẹ ṣe sí i, ojúewé tó wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kí ẹ parí wọn lọ́sẹ̀ náà, kí ìdùnnú tó tutù, kí àwọn ẹbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín ní Dókítà kí ẹ tó gba ìwé ẹ̀rí.